Àgbàṣe Ni Ọ̀rọ̀ Náà

Ìwé kan tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ń sọ bí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ń gbé iṣẹ́ wọn fún àwọn ará Íńdíà, ó sì pe àṣà náà ní “ìmórísunsíta”. Inú bí mi. Ibi tí omi ti ń sun là ń pè ní orísun. Ta ló ń gbé e jáde síta? Ògbufọ̀ yìí fọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “outsourcing”, sí wẹ́wẹ́, ó wá Yorùbá fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò bi ara rẹ̀ léèrè orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe, tí a sì gbowó lé lórí.

Àgbàṣe ni. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀, kì í sì í ṣe àáró, nítorí pé bí o bá bá mi ro oko lónìí lábẹ́ àáró, èmi náà á wá ro tìrẹ lọ́la. Owó ló ń parí àgbàṣe. Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: àgbàfọ̀, aṣọ aláṣọ tí à ń fọ̀, àgbàtọ́, ọmọ ọlọ́mọ tí à ń tọ́, àgbàsìn, ewúrẹ́ ẹlòmíràn tí mo ń sìn tí a ó sì jọ pín ọmọ rẹ̀. Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bímọ. Àwọn ọ̀dọ́ Manila tí ń gbé fóònù lóru, tí ń dá oníbàárà Amẹ́ríkà lóhùn lórúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọn kò fojú rí, alágbàdáhùn ni mo pè wọ́n. Mo ti ro “àgbàkọ” fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹlòmíràn, mo sì fi í sílẹ̀: ó sún mọ́ àgbákò jù.

Ẹnìkan yóò ní ojú ẹni tó gba iṣẹ́ ni àgbàṣe fi ń wo ọ̀ràn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ojú ẹni tó gbé e sílẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ni Yorùbá kọ́kọ́ rí. Agbéṣẹ́fúnni tó fún olówó. Àdéhùn, èrè, owó iṣẹ́ kò ní wàhálà.

“Òkè òkun”, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ tó kúrò nílùú, ló gba àríyànjiyàn. Nígbà tí Kodak gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún IBM ní 1989, inú Amẹ́ríkà niṣẹ́ náà wà: àgbàṣe lásán. Èyí tó lọ sí Bangalore ní Íńdíà ré kọjá òkun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ga sókè ní Ṣáínà, Amẹ́ríkà bu owó ibodè lé ọjà Ṣáínà ní 2018, àrùn Kòrónà da ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi rú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì yíjú sí Mẹ́síkò. Òkun wo ló la àárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò? Ẹ̀yìn odi ló yẹ ká máa wí. Ní ayé ìlú olódi, ẹni tó bá ti jáde ní ẹnubodè ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn àti ọjà mìíràn, ohun tí ilé-iṣẹ́ sì ń wá kiri gan-an nìyẹn. Àgbàṣe ẹ̀yìn odi, nígbà náà. Ti Mẹ́síkò ni àgbàṣe ìtòsí. Èyí tí General Electric ṣe ní 2012, tó gbé ṣíṣe ẹ̀rọ amúmigbóná kúrò ní Ṣáínà padà sí Louisville, ìkóṣẹ́wálé ni.

Ó ku ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lókèèrè, bí Texas Instruments ṣe ṣe ní Bangalore ní 1985. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ẹni tó wà ní ìgbèkùn pè é. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má tú ìyẹn. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Àgbẹ̀ Ìbàdàn ní oko etílé, ó tún ní oko ẹgàn, òun ló sì ni méjèèjì: oko ẹgàn ni ọ́fíìsì yẹn. General Electric dá tirẹ̀ ní Íńdíà ní 1997. Ní ìparí 2004 ó ta ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, oko náà di Genpact ní 2005, ó sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe oko ẹgàn mọ́, síbẹ̀ nígbà náà, èrè rẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dá a, nítorí ìpín tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàsìn ni mo pe ìyẹn.