Ọmọ Tó Lóye, Àmọ́ Tí Ìwé Kíkà Ń Tán Lágbára

Lọ́dún 1896, Pringle Morgan, dókítà kan nílùú Seaford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sínú British Medical Journal nípa ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Ọmọ yìí lè fi 867 sọ 749 di púpọ̀ kíákíá láìṣì í, àmọ́ nígbà tó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ló kọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní tó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, Percy ni orí rẹ̀ ì bá pé jù nílé ìwé náà.

Olùkọ́ yẹn ríran jìnnà.

Ìdí ni pé ọpọlọ ní ibi tó ń gbé ọ̀rọ̀ lé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá ń fi í ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Alan Baddeley àti Graham Hitch, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1974. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìrántí ẹnu iṣẹ́. Ibẹ̀ kò gba nǹkan púpọ̀: lọ́dún 2001, Nelson Cowan ní kò ju nǹkan bíi mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kàwé já gaara kì í ná an sórí lẹ́tà, ìtumọ̀ nìkan ló ń fi í wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní dyslexia, ìyẹn irú ìṣòro ìwé kíkà tí Percy ní, ní tirẹ̀ ń to ìró pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa dé òpin gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dákẹ́, wọ́n ní olódo ni. Kí ẹnì kan ka àyọkà kan náà sí i létí ná!

Èdè tí èèyàn fi ń kàwé pẹ̀lú lọ́wọ́ sí ìṣòro yìí. Lọ́dún 2001, Eraldo Paulesu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní dyslexia wò, ní Ítálì, Faransé àti Bìrìtìkó. Apá kan náà nínú ọpọlọ wọn ni kò ṣiṣẹ́ tó, síbẹ̀ àwọn ará Ítálì kàwé dáadáa ju àwọn yòókù lọ, torí pé lẹ́tà èdè wọn kì í yí ohùn padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. (Kí àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i ro èyí wò.)

Àwọn kan ń ta eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ń mú ìrántí gbòòrò. Monica Melby-Lervåg àti Charles Hulme kó ìwádìí lórí irú eré bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dún 2013: ọmọ á mọ eré náà ṣe sí i, àmọ́ ìwé kíkà rẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ sàn. Ó sàn kí wọ́n fi owó náà kọ́ ọ ní bí lẹ́tà ṣe ń bá ìró mu, kí wọ́n sì dín ẹrù tó wà lórí ìrántí rẹ̀ kù. Bí àpẹẹrẹ, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìdánwò kún un fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ìtàn ni ìdánwò ìtàn fẹ́ mọ̀, kì í ṣe bí ojú ṣe ń yára sáré lórí ìwé.