Adùn Ló Ń Gbẹ̀yìn Ewúro

Ẹni tó bá ti rún ewúro tútù lẹ́nu rí kò ní bá àwọn àgbà jiyàn lórí òwe yìí. Bó bá korò tán, tí a mu omi lé e, adùn á dé. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tí ìyà ń jẹ. Ṣúgà ló yí i sódì: adùn tirẹ̀ ló ń ṣáájú, ìkorò rẹ̀ sì lè pẹ́ ogún ọdún kó tó dé.

Ẹ wo òde ìnáwó l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Láfún kò tíì jáde tí ẹlẹ́rìndòdò fi ti kún orí tábìlì. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ la ti ń fi oyin àti ìrèké wúre fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, nǹkan bí ṣíbí tíì méjìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2015 pé ì bá dára kí ṣúgà àfikún tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ. Ìgò kan ṣoṣo ti di ìlọ́po méjì, kò sì yóni: ẹni tó mu ún á ṣì jẹ láfún rẹ̀ tán.

Ínsúlínì ló ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá sì gba inú ẹ̀dọ̀ àti ikùn kan, agbára ínsúlínì á dín kù, ṣúgà á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ dé nìyẹn. Òótọ́ ni pé àjogúnbá náà lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n a kò lè yan òbí. A lè yan ohun tí à ń mu. Bí àtọ̀gbẹ bá dé, òǹgbẹ á máa gbẹni, ìtọ̀ á máa jíni lóru, a ó ní ooru ló mú. Kò pẹ́, ó kan ojú, ó kan kíndìnrín, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Bàtà á bó ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí egbò bá ń rùn ni wọ́n tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdí-Abà tàbí Lántòrò.

Òfin Ìṣúná ọdún 2021 bu owó orí ₦10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦5 lórí ìgò 50cl. Ó kéré, kò sì ya èyí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ sọ́tọ̀. Ní Ìlú Ọba, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2018, ṣe ń pọ̀ tó. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti sáré dín ṣúgà kù. Irú rẹ̀ ló yẹ wá. Kó tó dé, ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó n'Íbarà tàbí Itókù lè kọ́kọ́ gbé omi tútù sórí tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹlẹ́rìndòdò fẹnu ara rẹ̀ béèrè.