Ilé Ìkàwé Ìbàdàn Kí Ó Tó Kúrò Ní Ẹlẹ́yẹlé

Bí wọ́n bá dárúkọ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, ilé alájà tó ń jẹ́ orúkọ Kenneth Dike ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí. Ilé náà lẹ́wà, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́yẹlé ni, nínú ilé ìwòsàn tí àwọn ológun lò nígbà ogun Hitler, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbà tí ogun parí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá wá. Nígbà tó yá nínú ọdún náà ni àwọn mìíràn wọlé, Chinua Achebe sì wà lára wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ibùsùn aláìsàn ni ìwé wá ń gbé. Ẹni tó bá mọ òjò àti ooru Ìbàdàn, tó sì mọ ohun tí ikán lè fi bébà ṣe lóru ọjọ́ kan, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni láti tọ́jú ìwé síbẹ̀.

Ìwé ọ̀hún kò sì kéré. Henry Carr, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1863, tó di ọ̀gá nínú ètò ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn náà Résídẹ́ǹtì ìlú Èkó, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ra ìwé. Nígbà tó kú ní 1945, ìwé rẹ̀ tó bíi 18,000. Ìjọba rà á, ó sì di ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ wò ó: ohun tí ènìyàn dúdú kan ṣoṣo kó jọ sínú ilé ara rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. (Carr àti Herbert Macaulay kì í rẹ́ nígbà ayé wọn. Àwọn ìwé àti lẹ́tà Macaulay náà padà wá sí ilé ìkàwé yìí kan náà.)

Ọ̀gbẹ́ni John Harris ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Yunifásítì Otago ní New Zealand ló ti ń bójú tó ìwé kó tó wá, ó sì wà ní Ìbàdàn títí di 1968.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìgbà Ẹlẹ́yẹlé jù ni òfin tó jáde ní 1950, pé ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Òfin yìí kò yọ ìwé pẹlẹbẹ sílẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú tí olùkọ́ kan fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, ìwé ewì olójú ewé ogún, ìwé òwe, gbogbo wọn ló kàn. Ní ìhà tiwa ní Mákùn-Omi, inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Omi sún mọ́ wa, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí bébà pẹ́. Bí baba tó ni ín bá sì kú, wọn a fi di ẹ̀pà. Kò sí ẹni tó ka ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ sí ọrọ̀, àfi àwọn tó wà nínú ilé ìwòsàn àtijọ́ yẹn.

Ní 1954 ni ilé tuntun parí. Tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ìlú Òyìnbó, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló yà á. Wọ́n fi ara ògiri rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà oníhò tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ta sí ìwé. Ìtura gidi nìyẹn lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé.

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ náà bá ti Carr kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìlú rẹ̀ lónìí, tí ẹ̀dà tilé ti bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì máa ń júwe fún un.