Orin Òkè Ìbàdàn àti Etí Ọmọdé

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn ni ó ti kọ orin àlùfànṣá ní ìgboro, ní ọ̀sán gangan, kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá wa wà níbẹ̀, kò sì nà wá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ọmọ tún dán irú rẹ̀ wò, ìgbátí ni yóò fi gbà. Kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ ẹ̀rín lónìí, kí ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́la? Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé àwọn òbí ń bi ara wọn léèrè lónìí irú orin tí ó yẹ kí ọmọ wọn gbọ́, wọ́n sì ń bèèrè rẹ̀ bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà dé.

Ẹ rántí ìtàn òkè náà. Nígbà tí ogun fọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́, àwọn tí ó kù sá gun orí òkè. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Òkè tí ó gbà wọ́n là ni wọ́n wá sọ di ìyá, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún rẹ̀, Abọkè a di irun, a sì wọ aṣọ bí obìnrin. A kì í dáná. Tọmọdé tàgbà a sì máa gba ìgboro kiri, wọn a máa fi nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin kọrin láì fi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ sí kò gbọdọ̀ bínú.

Èmi kò gbà pé àwọn baba wa kò bìkítà fún etí ọmọ. Èdè tí ó ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà láti fi aṣọ bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èdè aláìnítìjú. Odi ni wọ́n mọ yí orin náà ká, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi mọ ọ́. Nínú odi yìí, ọmọ ń kọrin lójú ìyá rẹ̀, ohun tí orin náà sì ń pè kò jìnnà sí ọmọ bíbí tí gbogbo ìlú ń tọrọ. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára o. Ọmọbìnrin tí agbo bá dá dúró lọ́nà, tí wọ́n dojú orin kọ, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí kì í jáde nílé rárá lọ́jọ́ náà.

Àwo orin ni ó wó irú odi bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwo kò mọ ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ẹjọ́. Ìyáàfin Tipper Gore, tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilé aṣòfin àgbà, ra Purple Rain tí Prince gbé jáde ní 1984 fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 11. Ohun tí ó gbọ́ nínú orin kan níbẹ̀ dẹ́rù bà á. Ní 1985, òun àti àwọn ìyàwó ènìyàn ńlá míràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin náà jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí lórí.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìjókòó náà ni ti ìtumọ̀. Ìyáàfin Gore ti sọ pé ìwà ìkà inú ìbálòpọ̀ ni orin kan tí Dee Snider kọ ń sọ. Snider dáhùn pé iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rù tí ó máa ń bani kí a tó ṣe é ni òun kọ orin lé lórí. John Denver náà jẹ́rìí pé àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan ti kọ orin òun rí, nítorí pé wọ́n rò pé oògùn líle ni ó ń yìn, bẹ́ẹ̀ ayọ̀ orí òkè (òkè náà tún ni!) ni òun ń sọ. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọn kò sì gbọ́ ohun kan náà nínú orin kan náà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ilé iṣẹ́ àwo gbà láti máa lẹ àmì ìkìlọ̀ mọ́ àwo. Ní 1990 ni àmì náà di ọ̀kan ṣoṣo, dúdú àti funfun.

Àmì yẹn ń bá ẹni tí ó fẹ́ fi owó ra àwo sọ̀rọ̀. Lónìí lẹ́tà E kékeré ni ó kù lójú fóònù, ọmọ kò sì fi owó ra nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àjọ National Broadcasting Commission, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, lè ní kí rédíò má ṣe lo orin kan, ṣùgbọ́n orin náà á wà nínú àpò aṣọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kọ ọ̀kan sí mi létí láìpẹ́ yìí. Mo ní kí ó jókòó, kí a jọ gbọ́ àwọn tí ó mọ̀. Mẹ́ta ni. Méjì ń dárúkọ ìdí àti ijó; mo fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta ń fi obìnrin ṣẹ̀sín bí ọjà tí a ń ná, mo sì ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kọ̀ fún àwọn tí wọ́n dárúkọ ìdí. Mo sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jáde lọ́jọ́ Òkè Ìbàdàn fún un.