Òǹkàwé Yàtọ̀ sí Òǹràwé: Àgbà Òǹkọ̀wé àti Ọjà Ìwé láti Tẹ́júoṣó dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ wa kan: pé ohun tó sọ àgbà òǹkọ̀wé Yorùbá di aláìní ni pé kò sẹ́ni tó ń ka Yorùbá mọ́. Àlàyé náà rọrùn, ó sì máa ń gba àtẹ́wọ́ ní àpérò. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é.

Ẹni tó bá ti Ojúẹlẹ́gbà rìn gba Tẹ́júoṣó lọ sí Yábàá yóò rí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ti ilé-ẹ̀kọ́ wá. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ya, wọ́n á ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, orúkọ ọmọ mẹ́ta á sì tò lé ara wọn lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á ti fi báírò pa méjì rẹ́. Òǹkàwé mẹ́ta nìyẹn, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé gbowó lórí ẹ̀.

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn wà, ó sì yẹ ká dúró tì í. Òǹkàwé ni ẹni tó fojú kan ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹràwé, ní ti òwò ìwé, ni ẹni tí owó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, tí òǹkọ̀wé á sì rí ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìwé bá ti di àlòkù, ìpín yẹn ti tán. Òfin kò dá ẹni tó ń tà á lẹ́bi, àpilẹ̀kọ yìí náà kò dá a lẹ́bi: òun ló ń mú kí ìwé tí atẹ̀wé ti pa tì ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ti àwọn tó ń jí ìwé tẹ̀ yàtọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé jáde ní 1988, òfin tuntun ti 2022 sì ti rọ́pò rẹ̀, síbẹ̀ ayédèrú ṣì ń tà lójú ọ̀sán gangan. Ẹni tó ra ayédèrú ń kàwé. Òǹkọ̀wé kò rí i.

Ìyàtọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Ìwé tí wọ́n ń kọ́ nílé-ẹ̀kọ́, ẹni tó ń kà á kọ́ ló yàn án, ẹni tó yàn án kọ́ ló sanwó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdánwò á yàn án, òbí á sanwó, ọmọ á kà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ìwé kúrò lórí àtẹ ìdánwò, títà rẹ̀ lè dúró láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n títà ṣe ìwọ̀n kíkà, ìpinnu ìgbìmọ̀ ló ń wọ̀n.

Ẹ wo *Ó Le Kú* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Ó lé ní ogún ọdún kí Túndé Kèlání tó sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, ìlú sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Orúkọ ìwé náà di orúkọ ìró àti bùbá kúkúrú. Tẹ́júoṣó tó jẹ́ ọjà aṣọ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ìtàn tí kò sẹ́ni tó bìkítà fún kì í di aṣọ lọ́rùn obìnrin. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò ní ìpín nínú ọ̀pá aṣọ.

Àpẹẹrẹ òǹkọ̀wé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí wọ́n bí ní 1929, tún ṣe kókó jù. *Àjà Ló Lẹrù* jáde ní 1969, *Àgbàlagbà Akàn* tẹ̀ lé e ní 1971. Làpàdé, ọlọ́pàá àná inú wọn, di ọ̀rẹ́ òǹkàwé. Ìwé Làpàdé kẹta, *Ká Rìn Ká Pọ̀*, kò jáde àfi ní 2007. Bàbá náà kò káwọ́ gbera láàárín: *Rẹ́rẹ́ Rún* jáde ní 1973, *Atótó Arére* ní 1981. Àmọ́ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE ti 1976 ti fa àwọn atẹ̀wé sídìí ìwé kíláàsì, níbi tí owó wà. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, bébà tí à ń rà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó, ilé-iṣẹ́ bébà Ìwọ̀pìn kò sì lè gbà wá. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹ̀ṣẹ̀ òǹkàwé?

Amos Tutùọlá ló tú àlàyé àwọn akẹgbẹ́ wa palẹ̀ pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ̀wé. Ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó ni nígbà tó kọ *The Palm-Wine Drinkard*, tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Faber tẹ̀ ní London ní 1952, tí òkìkí rẹ̀ sì kan káyé. Síbẹ̀, olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù ló ṣe nílé-iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín 1967 sí 1981, kò sí ìtàn àròsọ tuntun kankan láti ọwọ́ rẹ̀. *The Wild Hunter in the Bush of Ghosts* tó ti kọ ṣáájú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù, 1982 ló tó jáde. T. M. Àlùkò náà, tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, iṣẹ́ ẹnjiníà ló fi jẹun. Bó bá jẹ́ èdè Yorùbá ló fa ìyà, kí ló dé tí ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ nínú rẹ̀?

Lónìí, owó ìfẹ̀yìntì ni àgbà òǹkọ̀wé ń kó lọ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Òun ló ń ka prúùfù, òun ló ń gbé páálí ìwé kiri ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsanwó, pé bó bá tà kó padà wá gba tirẹ̀. Ó sì ń padà wá, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

A kò sọ pé òǹkàwé kò dín kù. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń jẹ ọmọ níyà nítorí Yorùbá wà ní Sùúrùlérè, ìyẹn náà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó dà bí ẹni pé ẹ̀rí ń tọ́ka sí ni pé ọ̀nà tí owó fi ń dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ló ti dí, ó sì ti dí tipẹ́.

Èyí ló mú kí àwọn orúkọ ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọdún, kíláàsì, àdírẹ́sì àti iye owó tí wọ́n fi báírò kọ: àkọsílẹ̀ ìwé kíkà ni gbogbo wọn, kò sì sí nínú ìwé ìṣirò atẹ̀wé kankan. Kíkó wọn jọ láti Yábàá, Tẹ́júoṣó àti Muṣin ni iṣẹ́ tó kàn, torí àwọn ni yóò fi hàn bí ìwé kan ṣe ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ògbólógbòó ìwé Yorùbá nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹni tó ń fi bébà di ẹ̀pà. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.