Ohun Tójú Nàìjíríà Rí Lábẹ́ Ìjọba Sani Abacha, 1993–1998

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998 ló fòpin sí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnu ẹnì kan ni òfin ti ń jáde, ọwọ́ ẹni náà ni àpò ìjọba wà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lè bi í léèrè ohun tó fi ṣe. Owó tí wọ́n kó pamọ́ sókè òkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí sáà náà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó bàjẹ́, owó yẹn ló rọrùn jù láti kà. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo ibi tí ìlú lè gbà tún ara rẹ̀ ṣe ló dí: ilé ẹjọ́, ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, yunifásítì.

Abacha kì í ṣe àlejò nídìí ìfipágbàjọba. Ohùn rẹ̀ ni ará ìlú gbọ́ lórí rédíò ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 nígbà tí àwọn ológun lé Ààrẹ Shehu Shagari kúrò. Lábẹ́ Ibrahim Babangida, ó di ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó di mínísítà ètò ààbò. Babangida fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀, ó sì gbé ìjọba fìdíhẹ lé Ernest Ṣónẹ́kàn lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ. Abacha ò bá a lọ. Ó jókòó sípò rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé ìjọba Ṣónẹ́kàn kò bófin mu. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Abacha gorí àlééfà. Àwọn kan lára àwọn ènìyàn Abíọ́lá rò pé ó kàn fẹ́ bá ọ̀gá wọn gba ìjọba náà sílẹ̀ ni. Babagana Kingibe, tó jẹ́ igbákejì Abíọ́lá nínú ìdìbò, gba ipò mínísítà. Lateef Jákáńdè, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, náà gbà á. Ìrètí yẹn kò tọ́jọ́.

Lójú ẹsẹ̀ ni ìjọba tuntun náà tú ilé aṣòfin ká, tó lé àwọn gómìnà tí ará ìlú dìbò yàn, tó sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Lẹ́yìn èyí ló kọjú sí ilé ẹjọ́. Òfin ológun kejìlá ti ọdún 1994 kà á léèwọ̀ fún kóòtù láti gbọ́ ẹjọ́ tó bá ta ko àṣẹ ìjọba. Òfin kejì ti ọdún 1984, tó ti wà láti ìgbà ìjọba ológun Muhammadu Buhari, fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi òfin kẹrìnlá ti 1994 kún un, kí adájọ́ má baà lè pàṣẹ pé kí wọ́n mú ẹni tó wà lákàtà wọn jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, mínísítà ètò ìdájọ́ fúnra rẹ̀, Olú Ọ̀nàgorúwà, bọ́ síta gbangba, ó ní òun kò lọ́wọ́ nínú àwọn òfin tuntun tí ìjọba gbé jáde. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Níbi tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kò ti mọ òfin tó ń bọ̀ lọ́la, oníṣòwò tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ kò ní ìdí kankan láti fọkàn balẹ̀.

Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Èpétẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Wọ́n mú un kí oṣù náà tó parí, kò sì kúrò lákàtà ìjọba títí tó fi kú. Ní oṣù Keje, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, dara pọ̀ mọ́ wọn. Epo wọ́n káàkiri, ọkọ̀ dúró, báńkì àti ọjà ti ilẹ̀kùn ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí ìjọba tó fi agbára tú u ká: wọ́n lé àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò, wọ́n fi aṣojú ìjọba rọ́pò wọn, wọ́n sì ju Kokori sátìmọ́lé títí di ọdún 1998. Láti ìgbà náà lọ, òṣìṣẹ́ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀ lórí owó oṣù rẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà jẹ nínú ìyà yẹn. Ọdún 1994 kan náà ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Concord, Punch àti The Guardian pa. Àwọn akọ̀ròyìn TheNEWS àti Tell sá kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n ń kọ ìròyìn níbi tí wọ́n bá fara pamọ́ sí, àwọn tó ń ta ìwé wọn sì ń tà á bí ẹni ta ọjà olè. Ní 1995, Kúnlé Àjíbádé, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles Obi wẹ̀wọ̀n nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lórí ìdìtẹ̀ tí ìjọba sọ pé àwọn kan fẹ́ ṣe. Ìdìtẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ju Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀, àti Shehu Musa Yar'Adua, igbákejì rẹ̀ nígbà yẹn, sẹ́wọ̀n. Ọbásanjọ́ jáde láàyè. Yar'Adua kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Abakaliki ní oṣù Kejìlá ọdún 1997.

Ìbọn ló parí ọ̀rọ̀ fún àwọn mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n pa Alfred Rewane, bàbá arúgbó tó ń fi owó ran NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwantiwa, lọ́wọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá, nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó, lójúmọmọ. Alex Ibru tó ni The Guardian, tó sì ti ṣe mínísítà fún Abacha rí, ni wọ́n yìnbọn fún, ó yè é, àmọ́ ojú rẹ̀ kan lọ sí i. Abraham Adésànyà, aṣáájú NADECO, bọ́ nínú ọkọ̀ tí ọta ti dálu, ara rẹ̀ kò gba ìkankan. Òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká ti sá gba ẹnubodè jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994. Òun àtàwọn tó bá a lókè òkun ló dá ilé-iṣẹ́ rédíò kan sílẹ̀ tí wọ́n wá fi orúkọ Kúdírátù pè. Àwọn ará ilé ń fi rédíò kékeré gbọ́ ọ lórí ìgbì kúkúrú ní alẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn Ògóní, ẹ̀yà kan ní agbègbè epo Niger Delta, ló fi Nàìjíríà sẹ́nu ayé. Òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ mìíràn tó ń jà nítorí ilẹ̀ àti omi tí epo rọ̀bì ti bàjẹ́ ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àkànṣe dá lẹ́bi ìpànìyàn, láìsí àyè ìpẹ̀jọ́ sílé ẹjọ́ tó ga jù. Wọ́n yẹgi fún wọn ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Lọ́jọ́ kejì, àjọ Commonwealth tó ń ṣèpàdé ní New Zealand lọ́wọ́ dá Nàìjíríà dúró. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi físà du àwọn aláṣẹ, ìrànwọ́ dínkù, àwọn àjèjì tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀ yíjú sí ibòmíràn. Epo rọ̀bì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò kọ̀ láti rà.

Ọ̀nà tí owó ń gbà jáde kò díjú rárá. Olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò yóò kọ lẹ́tà pé àwọn nílò iye báyìí fún ààbò ìlú. Abacha yóò buwọ́ lù ú. Báńkì Àpapọ̀ yóò san án. Nígbà mìíràn dọ́là àti pọ́n-ùn lówùúrù ni wọ́n ń gbé jáde, tí yóò gba ọwọ́ àwọn ọmọ ilé àti oníṣòwò wọn dé báńkì ní Switzerland, Luxembourg, Liechtenstein, Bìrìtìkó àti erékùṣù Jersey. Iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀nà lẹ́tà ààbò yìí nìkan kó ohun tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ọ̀nà kejì gba ti Ajáòkúta: wọ́n ra gbèsè tí Nàìjíríà jẹ lórí ilé-iṣẹ́ irin náà ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì tún tà á fún ìjọba Nàìjíríà ní owó gọbọi, èrè tí wọ́n jẹ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ náà ti sọ, lé ní mílíọ̀nù 282 dọ́là. Àjọ Transparency International fojú bù ú pé gbogbo owó náà yóò wà láàárín bílíọ̀nù méjì sí márùn-ún dọ́là. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìjọba Abacha yìí kan náà ló gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, lábẹ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé Pius Okigbo, láti yẹ ìwé Báńkì Àpapọ̀ wò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1994 pé owó epo tó lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là ni wọ́n ti ná láti àkáǹtì àkànṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà Babangida, láìsí àkọsílẹ̀ gidi. Wọn kò tẹ ìwé náà jáde. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Olè jíjà lásán kọ́ ló ba ọrọ̀-ajé jẹ́. Ìlànà tó dà bí ẹni pé ó bófin mu náà ń sọ àwọn kan di olówó láìṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, ìjọba pàṣẹ pé náírà 22 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi di 1995, wọ́n tún ṣí ọjà mìíràn tí dọ́là ti ń lọ ní nǹkan bí náírà 80, síbẹ̀ wọn kò pa ti náírà 22 rẹ́. Ẹni tó bá mọ ènìyàn ní Abuja yóò gba dọ́là ní 22, yóò sì lọ ṣẹ́ ẹ ní 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè yẹn ju ti ilé-iṣẹ́ aṣọ tàbí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ èyíkéyìí lọ, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n oníṣòwò fi pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì tó ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gágun. Oṣù Kìíní ọdún 1999, lẹ́yìn ikú Abacha, ni wọ́n tó fagi lé iye méjì náà.

Ibi tí ọwọ́ ìyà ti ba mẹ̀kúnnù jù ni epo. Nígbà náà, Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo mẹ́rin, méjì ní Port Harcourt, ọ̀kan ní Warri, ọ̀kan ní Kaduna, agbára wọn lápapọ̀ sì jẹ́ àgbá 445,000 lójúmọ́. Wọn kò tún wọn ṣe bó ṣe yẹ, wọ́n ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì fún gbogbo ayé fi ń ra bẹntiróòlù wọlé láti òkèèrè. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti gbé epo wọlé kò ní fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìfọpo jí. Àwọn awakọ̀ ń sùn sórí ìlà ní ilé epo, àwọn ọmọ ń gbé kẹ́ẹ̀gì dúró lẹ́bàá títì tí wọ́n ń tà á ní ìlọ́po iye tí ìjọba pè é. Iye tí ìjọba pè é gan-an ti fò: láti náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25 lítà kan, ó di 15 ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, kí wọ́n tó dá a padà sí 11. Owó ọkọ̀ gùn ún lọ, iṣu àti tòmátì tó ń ti oko bọ̀ gùn ún lọ. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, àwọn ìyàwó ilé padà sídìí igi ìdáná.

Báńkì ń wó pẹ̀lú owó àwọn tó fi pamọ́ síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998 nìkan, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26. Ní yunifásítì, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ń jẹ ọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní 1996 ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó tún ọkọ̀ ṣe. Olùkọ́ àti dókítà kó ẹrù wọn lọ sí Amẹ́ríkà, Lọ́ńdọ̀nù, Saudi Arabia àti South Africa, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí ní Houston lónìí, àsìkò yẹn ni bàbá tàbí ìyá wọn gba ọ̀nà náà lọ.

Àwọn tó ń gbèjà Abacha ní ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí, kò sì yẹ kí á gbójú fò ó. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1995 wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdá mẹ́wàá ní 1997. Owó òkèèrè tí ìjọba ní nípamọ́ gbèrú. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tuntun, Èkìtì wà lára wọn, jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Àjọ PTF tí Muhammadu Buhari darí fi owó epo tún ọ̀nà ṣe, wọ́n sì ra oògùn fún ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi pamọ́ kò tún ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ṣoṣo ṣe, ọjà tó sì dẹ̀ kò rí owó oṣù tí yóò rà á.

Nígbà tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú padà, márùn-ún péré ni ìjọba gbà láyè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, gbogbo wọn fa Abacha kalẹ̀ ní olùdíje kan ṣoṣo. Olóṣèlú Bọ́lá Ìgè ti pe àwọn ẹgbẹ́ náà ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Kí ìdìbò náà tó wáyé, Abacha kú lójijì ní Aso Rock, ilé ìjọba ní Abuja. Abíọ́lá náà kú lákàtà ìjọba ní ọjọ́ 7 oṣù Keje. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó gorí oyè lẹ́yìn Abacha gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ọjọ́ náà ni Commonwealth sì gba Nàìjíríà padà.

Owó náà ń padà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Switzerland dá nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là padà láàárín 2005 sí 2006. Mílíọ̀nù 322 mìíràn dé lẹ́yìn náà, ìjọba sì ní kí wọ́n máa pín in fún àwọn ìdílé aláìní ní náírà 5,000 lóṣù. Ní 2020, ọdún kejìlélógún lẹ́yìn ikú Abacha, mílíọ̀nù 311 dọ́là ti Jersey àti Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún afárá kejì lórí odò Ọya, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.