Àṣàmú ní Libreville

Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le: àmì ohun tí ọmọ yóò dà kì í pẹ́ hàn. Èyí tó le ni ibi tí a ó mú ọmọ náà lọ tí àmì bá ti hàn tán, pàápàá fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣòwò ní Libreville, nílẹ̀ Gabon.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ẹni tó bá ti lówó ti rí ilé-ìwé. Wọ́n á ní Lycée Blaise Pascal tó ń tẹ̀lé ìlànà ìjọba Faransé, tàbí Ruban Vert tó ń fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ìyẹn á yà sọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì ní Immaculée Conception. Àwọn tó kù á gba ilé-ìwé ìjọba lọ, níbi tí ọmọ ti sábà máa ń pọ̀ ju àga lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ ilé-ìwé kankan, irú ọpọlọ wo ni ọmọ náà ní?

Oríṣi méjì ló wà tí a máa ń pè ní ọ̀kan. Ọmọ kan wà tó yára: ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún kan kọ́, oṣù mẹ́ta ti tó o. Òmíràn ò yára rárá, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀: ó lè jókòó ti ìṣirò kan láti àárọ̀, nítorí ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà òdo fi jẹ́ òdo. Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ fo kíláàsì, kò séwu. Tí ẹ bá mú èkejì fò, ẹ ti gbé e kúrò níbi tó ti ń walẹ̀. Olùkọ́ tí kì í sá fún "kí ló dé?" ni tirẹ̀, àti kíláàsì tí ọmọ ò pọ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní pẹ́ sọ ọ́ lórúkọ olódo.

Ìdánwò ọpọlọ ò lè bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn rò pé torí àwọn olóye ni Alfred Binet ṣe gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Rárá o. Ní Paris, lọ́dún 1905, àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ lòun àti Théodore Simon ń wá. Ní Amẹ́ríkà ni Lewis Terman ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ ṣa àwọn ọlọ́pọlọ pípé jọ ní 1921. Ọmọkùnrin méjì tí máàkì wọn ò tó ohun tí Terman ń wá, William Shockley àti Luis Alvarez, gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1956 àti 1968.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ ọdún 6 lẹ́yìn àtẹ ìyá rẹ̀ ní ọjà Mont-Bouët. Ọjà 6,750 ni oníbàárà rà, ó na 10,000 CFA; kí ìyá tó tú ìdí aṣọ, ọmọ ti ní, "Ẹ fún wọn ní 3,250." Ẹ bi í ní ìṣirò kan náà ní Faransé ní kíláàsì, ó lè dákẹ́ lọ gbáú. Faransé rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọn ò tíì wọn orí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ èdè yìí ti wà ní Libreville: míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, John Leighton Wilson, tó dé Baraka níbẹ̀ ní 1842, kọ́ Mpongwe, èdè àwọn ará ibẹ̀, gírámà èdè náà sì jáde ní 1847. Nílé wa, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko láti 1970. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì rẹ̀yìn.

Àṣàmú wa dà? Òun náà la ń sọ: òwe ní ẹnu rẹ̀ ń ṣe ṣámúṣámú, kò ní Faransé ló ń sọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún ọmọ tó béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá jókòó ti ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Ilé-ìwé tó bá gba méjèèjì yìí láyè, kódà bí ògiri rẹ̀ ò ní ọ̀dà, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀.